Ẹ̀rọ Tó Lágbára Jù Kọ́ Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà

"Àǹtí, ẹ kúkú ra èyí tó lágbára lẹ́ẹ̀kan náà." Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ mọ́tò máa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń dán ara mọ́tò, èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí ẹ̀rọ pólíìṣì. Mo ti gbọ́ ọ ní Ládípọ̀ l'Ékòó, mo sì ti gbọ́ irú rẹ̀ ní Abossey Okai ní Accra. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ là ń rà, ìmọ̀ràn náà lè bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀rọ pólíìṣì, tí ẹni tó ń rà á kò sì tíì lo irú rẹ̀ rí, ìmọ̀ràn tó lè ba mọ́tò jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ náà fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ara ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní kì í ṣe irin àti ọ̀dà kan ṣoṣo. Irin ló wà nísàlẹ̀, práímà tẹ̀ lé e, àwọ̀ tí a ń rí tẹ̀ lé práímà, lẹ́yìn náà ni ìpele kan tí kò láwọ̀ rárá, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Òun ni àwọn tó ń kun mọ́tò ń pè ní kílíà. Kílíà yìí ló ń dán lójú wa, òun náà ló ń gba ìyà oòrùn kí àwọ̀ má bàa ṣá. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti ilé iṣẹ́ jáde, kò ju nǹkan bíi 35 sí 50 micron lọ. Bébà tí a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì nípọn tó nǹkan bíi 100 micron, ìyẹn ni pé kílíà mọ́tò yín kò tó bébà kan.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ pólíìṣì ń ṣe ni pé ó ń fá díẹ̀díẹ̀ kúrò lára kílíà náà títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú, tí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó dà bí okùn aláǹtakùn lójú oòrùn á fi pòórá. Kò fi nǹkan kan kún un. Ohun tó bá sì fá kúrò, kò ní hù padà bí èékánná. Ẹni tó bá ti mọ èyí, kò ní fi iye watt bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ ní ìsọ̀ mọ́.

Oríṣi méjì pàtàkì ló wà lọ́jà. Èkíní ni wọ́n ń pè ní rotary. Páàdì rẹ̀ ń yí lójú kan náà, ó sì lè yí tó 3000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ìbátan ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin ni. Ilé iṣẹ́ Flex ti ilẹ̀ Jámánì, tí ẹ̀rọ pólíìṣì wọn lórúkọ dáadáa, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgérin alọ́wọ́mú jáde ní 1954, débi pé "Flex" ni àwọn ará Jámánì ń pe ẹ̀rọ ìgérin títí dòní, ẹni yòówù kó ṣe é, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ eléérú ní Omo. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rọ ìgérin gan-an ni àwọn ọmọ kan ń so irun àgùntàn mọ́ lẹ́nu, tí wọ́n ń fi dán mọ́tò oníbàárà. Mi ò bú wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, ìwé tó sì bá ẹ̀rọ wá kì í sí ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní dual action, tàbí DA lásán. Páàdì tirẹ̀ ń yí lórí ara rẹ̀, ó sì tún ń rìn yípo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ayé ṣe ń yí tó tún ń yí oòrùn ká. Nítorí pé kì í dúró sójú kan, ooru kì í tètè pọ̀ jù níbì kan. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, tàbí tí ẹ gbé e dàgẹ̀rẹ̀, páàdì náà á dáwọ́ yíyí dúró, á kàn máa gbọ̀n. Àwọn tó ń tà á sọ pé àìlágbára nìyẹn. Èmi sọ pé bíréèkì ni. Ẹni tó ń kọ́ mọ́tò wíwà kì í wá èyí tí kò ní bíréèkì. DA náà lè fá kílíà tán ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá dúró pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n á fún yín láyè láti rí àṣìṣe náà kó tó di ọ̀ràn. Rotary kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rọ obìnrin ni DA. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan ládùúgbò wa fẹ́ ta Corolla dúdú rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì gbé e lọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n bá a dán an, kó lè pa owó gidi. Rotary ni wọ́n fi ṣe é. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì jóná, ó sì di dandan kí wọ́n tún un kùn. Ẹ ò wá ní gbàgbé bí ọjà mọ́tò wa ṣe rí: bí ẹni tó fẹ́ rà bá ti rí i pé wọ́n tún bọ́nẹ́ẹ̀tì kùn, ohun tó máa sọ ni pé mọ́tò náà ti fara gbá. Kò sí àlàyé tó máa wọ̀ ọ́ létí. Iye tí bàbá náà gbà nígbẹ̀yìn kéré sí èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a kó tó dán mọ́tò.

Nítorí náà, DA ni kí ẹ rà. Nínú DA pàápàá, nọ́ńbà kan wà tó ṣe pàtàkì ju watt lọ, òun ni bí páàdì ṣe ń rìn jìnnà tó bó ṣe ń yípo. 8, 15 àti 21 milimítà ló wọ́pọ̀. 21 máa ń yá lórí ibi tó tẹ́ rẹrẹ, bí òrùlé ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ́ lára lórí ilẹ̀kùn tó ní kọ́lọ́fín. Bí ẹ bá ní kí n yàn, 15 ni màá mú, pẹ̀lú páàdì 5 ínǹṣì. DA kan tún wà tó jẹ́ pé ìrìn eyín irin ló ń yí i, tí kì í dúró bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ọ̀ràn iná wá ńkọ́? Bí ẹ̀gbọ́n yín ní Amẹ́ríkà bá ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bèèrè volt rẹ̀. 120 ni tọ̀hún. Iná tiwa ní Nàìjíríà àti Gánà jẹ́ 230, ti Kútọnu àti Lomé jẹ́ 220. Ẹ ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí tiransífọ́mà tó tó o gbé, èéfín lẹ máa rí. Bákan náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kì í gbé tó 1000 watt, ọ̀pọ̀ rotary sì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. DA kékeré kan lè bá a lò, bí ẹ kò bá tan nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Èyí tó ń kó ìdààmú bá mi jù ni mọ́tò tòkunbọ̀, nítorí òun ni púpọ̀ wa ń wà. Kò sẹ́ni tó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti kùn ún tàbí tí wọ́n ti fá a kó tó gba èbúté Kútọnu tàbí Tema wọlé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ẹ lè gbé lé irin kó sọ bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Bó bá fi nǹkan bíi 100 sí 150 hàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Bó bá kọjá 200 dáadáa, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti tún ibẹ̀ kùn. Bó bá sì kéré sí àwọn ibi yòókù, ẹ fi pólíìṣì mọ síbẹ̀, kí ẹ fi wáàsì pa á. Mo mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lórí bọ́ńpà oníke, kò sì lè sọ bí kílíà nìkan ṣe kù tó, síbẹ̀ màá rà á ṣáájú ẹ̀rọ pólíìṣì kejì. Bí àwọ̀ mọ́tò bá sì ń jáde sójú páàdì, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ pé mọ́tò náà kò ní kílíà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kílíà ti tán.

Owó tó bá ṣẹ́kù lára èyí tí ẹ ò fi ra rotary, ẹ fi ra páàdì. Ẹyọ kan kò tó mọ́tò kan, nítorí á kún fún kọ́ḿpáǹdì gbígbẹ, á sì gbóná. Mẹ́rin tàbí márùn-ún dára. Páàdì tó rọ̀ jù àti kọ́ḿpáǹdì tó fẹ́lẹ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, lórí ibi kékeré tí kò ju 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, lábẹ́ ibòji. Bí ìlà bá ti lọ, ó parí níbẹ̀. Ẹ má lọ mú èyí tó le ju bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ rárá, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ìlà wọ̀nyẹn ti wá. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo mọ́tò, akísà gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń nù ún láàárọ̀. Yanrìn ni wọ́n ń fi ha á yẹn. Omi púpọ̀, korobá méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún fífi omi ṣan aṣọ ìfọmọ́tò. Ẹni tí kò bá yí ọwọ́ ìfọṣọ rẹ̀ padà á máa gbé ẹ̀rọ jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kílíà á sì tán.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe, tẹ́ ẹ ti ń kó owó jọ fún ẹ̀rọ, ẹ lọ bá pánẹ́ẹ̀lì-bítà àdúgbò yín, kí ẹ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì kan tó ti tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì dán an. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dúró sí etí rẹ̀ kan títí á fi jóná, kí ẹ lè mọ bó ṣe ń rí àti bó ṣe ń rùn, kó tó di ti oníbàárà.