Ère Ìbejì Kì í Ṣe Ọmọláńgidi

Òǹkàwé wa kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣòwò ní ìlú Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, láti ọjọ́ pípẹ́, ló kọ̀wé sí wa. Ère ìbejì méjì ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọ̀kan sán lẹ́yìn nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Alágbàtà kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ sì ti wá sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọmọláńgidi lásán ni wọ́n, pé òun yóò fi owó díẹ̀ bá a kó wọn kúrò nílẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí ní òun ni Ìdòwú wọn, òun kò sì bá Táyé àti Kẹ́hìndé náà láyé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó ní nǹkan kò wúlò, tó tún ń pààrà ilé ẹni nítorí rẹ̀, ẹ má tètè dá a lóhùn.

Ojú ère ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí ìyá ìbejì ti wẹ̀, tó ti fi oúnjẹ kàn lẹ́nu, tó ti fi osùn pa lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, imú àti ẹnu rẹ̀ yóò ti jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn etí yóò ṣì mú, nítorí ọwọ́ kì í sábà dé ibẹ̀. Osùn yóò ti gbẹ mọ́ abẹ́ apá. Aró tàbí búlúù ìfọṣọ lè hàn nínú irun. Èyí tí àwọn oníṣòwò fi èéfín àti pólíìṣì bàtà sọ di arúgbó lọ́sẹ̀ tó kọjá, dídú rẹ̀ a máa dọ́gba níbi gbogbo. Ẹ gbé e símú, ẹ óò gbọ́ òórùn pólíìṣì náà.

Ní ti sísán, igi ilẹ̀ olójò ni igi ìre tí wọ́n sábà fi ń gbẹ́ ère ìbejì. Ọyẹ́ Niamey a máa fa omi ara rẹ̀ gbẹ, igi náà a sì sún kì. Ẹ má fi símẹ́ńtì tàbí àtè dí i. Ẹ má fi epo pa á, eruku ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn àti níwájú ẹ̀rọ amúlétutù; búrọ́ṣì rírọ̀ tó fún eruku rẹ̀. Omi yóò ṣan osùn ìyá yín dànù. (Bí ẹ bá ṣì ń bọ wọ́n, ìyẹn yàtọ̀, ẹ ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é nílé yín.)

Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní àti ìyẹ̀fun igi lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i o! Ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin, ẹ gbé e sínú fíríísà tó tutù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má sì tú ọ̀rá náà títí òtútù yóò fi lọ lára rẹ̀.

Ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Boubou Hama, tí wọ́n ṣí ní 1959, kò jìnnà sí yín. Igi Ténéré tí ọkọ̀ akẹ́rù wó lulẹ̀ ní aṣálẹ̀ ní 1973 wà níbẹ̀. Ẹ gbé ère yín lọ fi han àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ìbejì náà, ti ìyá yín, àti ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ wọn sílẹ̀. Bí alágbàtà yẹn bá dé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ọmọláńgidi tó ti sán ṣe.