Ẹ Gbọ́ Orin Náà Tán Kí Ẹ Tó Dájọ́!

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, bí n kò bá sì sọ ọ́ jáde, ara ò ní rọ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ Kamasi Washington ni, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tó ń fọn fèrè saxophone ní ìlú Los Angeles. Lọ́dún 2015 ló gbé The Epic jáde: àwo 3, orin 17, gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 3. Lára páálí àwo náà, àwọn ayé inú òfuurufú ló wà lẹ́yìn ẹ̀, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń bọ̀.

Ni àwọn tó ń fi gègé ṣèdájọ́ orin bá pín sí méjì. Apá kan ń kígbe pé olùgbàlà jáàsì ti dé. Apá kejì ní ó gùn jù, fáàrí ló pọ̀ níbẹ̀, ohun tí John Coltrane àti Pharoah Sanders ti fọn tán ló tún ń fọn. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi.

Ta ló sọ pé orin gbọ́dọ̀ kúrú? Àwa tí a mọ Fẹlá, tí orin ẹ̀ kan ṣoṣo ń gba ojú àwo kan tán, àwa tí a ń bá eléré jùjú mọ́jú lóde àríyá, ṣé a wá lè pe wákàtí 3 ní èèwọ̀? Ẹni tí ìkánjú ń ṣe, kó má di ẹ̀bi ru olórin.

Pé ó jọ Coltrane ńkọ́? Ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Ẹ má sì gbàgbé: lọ́dún 1961, nínú ìwé ìròyìn Down Beat, alámèyítọ́ kan pe orin Coltrane náà ní òdìkejì jáàsì. Orin ọ̀hún ni wọ́n wá sọ di pàṣán tí wọ́n fi ń na ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀!

Ti òfuurufú ńkọ́? Sun Ra, tó wá ṣeré l'Ékòó níbi FESTAC lọ́dún 1977, sọ pé ayé Saturn lòun ti wá. Ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1914, níbi tí òfin ti ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún mọ́ igun lórí ilẹ̀, ṣé kò ní gbójú sókè? Fáàrí kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní olùgbàlà, ta ló sọ fún yín pé jáàsì kú? Kamasi kò dá a ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú West Coast Get Down ló bá a ṣe é, pẹ̀lú ẹgbẹ́ eléré ẹlẹ́ni 32 àti akọrin 20.

Ẹ má rò pé ọwọ́ tèmi mọ́ o. Nígbà kan rí, mo gbọ́ ojú kan péré lára kásẹ́ẹ̀tì ọ̀dọ́mọdé olórin kan, mo sì kọ̀wé bú u. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ ojú kejì. Áà! Ibẹ̀ gan-an ni adùn wà. Ojú tì mí, n kò sì kọ̀wé tọrọ àforíjì. Ọmọ náà kò gbé orin mìíràn jáde mọ́. Bóyá èmi kọ́ ló fà á. Bóyá èmi ni.

Nítorí náà, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ tán. Bó bá burú lẹ́yìn náà, ẹ sọ pé ó burú, a ò ní bá yín jà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó wá gbọ́ ojú kan lára orin, tó dájọ́ ńkọ́?