Ẹ má gbé ológbò tó rọ jù sígbó

Láti Ìkìrun gba Ìníṣà dé Òkukù, ọ̀kadà kì í dúró de ológbò. Bí wọ́n bá gbá a tó rọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, tó ń tọ̀ sára, àwọn kan a ní kí á gbé e jù sígbó, kó má ba ìrun wa jẹ́. A kò fara mọ́ ọn.

Ìtọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbin, ológbò fúnra rẹ̀ kọ́. Hadíìsì tí Abu Qatada gbà wá ti là á yé wa. Omi ni a fi ń fọ ẹ̀gbin. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò níbi ìrun, ẹ tẹ́ àkísà gbígbẹ fún un, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ máa yí i padà kí egbò má dá sí i lára. Bí kò bá rí ìtọ̀ tọ̀, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà ẹran. Ìtọ̀ tó há lè pa á.

Obìnrin tí Ànọ́bì wa (S.A.W.) sọ pé ó wọ iná nítorí ológbò, ńṣe ló sé e mọ́, kò bọ́ ọ, kò sì jẹ́ kó lọ wá oúnjẹ. Èyí tó rọ, àìsàn ti sé e mọ́ ná. Bí a bá fi oúnjẹ àti omi dù ú, kí ni ìyàtọ̀ wa sí obìnrin náà?

Ọmọ tó ń nu ìdí ológbò lónìí kò ní sá fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Kí Ọlọ́hun fi àánú sí wa lọ́kàn. Àmín.