Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Wọ̀n Wá Kí Ẹ Tó Pín Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Ní táàmù tó kọjá, wọ́n fún wa ní ọ̀pá gọ́ọ̀fù àlòkù. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe pín in? SS3 kọ́kọ́ mú, àwa SS2 tẹ̀lé wọn, àwọn JSS wá ṣa èyí tó kù. Ọ̀pá onírin nọ́ńbà 3 ló kan ọmọbìnrin JSS1 kan. Ọ̀pá yẹn máa ń gùn tó ínṣì 39, àwọn àgbà pàápàá ń sá fún un nítorí ó ṣòro gbá. Àárín ọ̀pá lọmọ náà ń dì mú, ìdí rẹ̀ sì ń gún un níkùn. Ní báyìí wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀. Ṣé òun ni kò mọ̀ ọ́n gbá, àbí àwa ni a kò mọ̀ ọ́n pín?

Mo máa ń ṣe kádì ní ọjọ́ Sátidé, ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ọ̀pá tó gùn jù fún ènìyàn máa ń gbé imú irin sókè, bọ́ọ̀lù á sì máa yà sí òsì ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá. Èyí tó kúrú jù á mú ni tẹ̀ kọjá ààlà, ẹ̀yìn á máa dunni.

Àwọn kan ní ọ̀pá gígùn ló ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà. Òótọ́ ni pé orí rẹ̀ ń yára ju ti kúkúrú lọ. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù kò bá bá àárín irin, kí ni eré náà fẹ́ ṣe? Ní nǹkan bí ọdún 2000, nígbà tí Tiger Woods ń na gbogbo ayé, dráífà rẹ̀ kò ju ínṣì 43 àti ààbọ̀ lọ, èyí tó ń tà lọ́jà lónìí sì máa ń kọjá 45. Bryson DeChambeau ní tirẹ̀ gé gbogbo ọ̀pá onírin rẹ̀ sí gígùn kan náà, ínṣì 37 àti ààbọ̀, ó sì gba US Open ọdún 2020. Kálukú ló wá èyí tó bá a mu.

Ẹ ó ní àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ mú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé kíláàsì la fi ń pín bàtà? Èmi gan-an jẹ̀bi: mo du ọ̀pá tó gùn jù mí lọ kí wọ́n lè rí mi, láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù mi ti ń wọ igbó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká yá téèpù ní yàrá Home Economics. Kí kálukú wọ bàtà, kó dúró ṣánṣán, kó ju ọwọ́ sílẹ̀, ká wọ̀n láti ọrùn ọwọ́ dé ilẹ̀. Gíga nìkan kò tó, torí ẹni méjì lè ga bákan náà kí ọwọ́ ọ̀kan gùn ju ti èkejì. Ká wọn àwọn ọ̀pá náà, ká wá pín wọn lọ́tun. Kí ẹnikẹ́ni má kàn gbé ayùn o! Bí a bá gé ọ̀pá àgbà fún ọmọdé, ṣe ni yóò le gan-an, orí rẹ̀ á sì wúwo bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ di ọwọ́ mú wálẹ̀ díẹ̀ ná, ká wò ó.

Lẹ́yìn náà, kí a fún ọmọ JSS1 yẹn ní ọ̀pá tó bá a mu, kó gbá a lójú gbogbo wa. Bí kò bá mọ̀ ọ́n gbá nígbà náà, ẹ yọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n ná.