Sí Mínísítà Ètò Ìlera: Ta Ló Ní Ọmọ Ọdún 18 Ti Dàgbà?

Ọlọ́lá jùlọ,

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí n'Ìbàdàn. Mo ní ọmọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e láti kékeré, tí wárápá sì tún ń bá fínra. Gbangba ni mo fi lẹ́tà yìí ṣe, torí àwa ìyá tí a jọ ń jókòó ní ẹ̀ka físíò pọ̀, ẹjọ́ kan náà sì ni gbogbo wa ní.

Ètò adójútòfò ìlera tí àwa òṣìṣẹ́ ń jẹ kò kọjá òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ 4 tí kò tíì pé ọdún 18. Ti ọmọ tó ń dá rìn, tó ń dá jẹun, ó yé mi. Bó pẹ́ bó yá, á ríṣẹ́, á gba káàdì tirẹ̀. Tèmi ńkọ́? Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ, èmi náà ni mò ń pààrọ̀ pámpásì rẹ̀ lóru. Kí ni ọjọ́ ìbí fẹ́ yí padà nínú ìyẹn?

Lẹ́yìn tó pé ọdún 18, a dé ọsibítù, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, orúkọ yín wà, ti dádì wà. Ti bọ̀ọ̀dá ò sí mọ́ o." Àánú wa ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀. Ó kọ iye oògùn sórí pépà pélébé kan, ó tì í gba abẹ́ gíláàsì sí mi. Oògùn wárápá kì í sì ṣe ohun tí èèyàn ń dúró de owó oṣù kó tó rà: bí a bá dédé dá a dúró, gìrì lè máa kì í léraléra títí yóò fi gbẹ̀mí rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé òfin mọ̀ wá. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 ní kí ẹni tó ní ìpèníjà ọpọlọ máa gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n sì máa kọ́kọ́ dá akàndá ẹ̀dá lóhùn lórí ìlà. Ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà. Ọdún 5 ọ̀hún pé ní 2024. Ẹ̀yìn ni mo ṣì fi ń pọn géńdé gun àtẹ̀gùn. Òfin adójútòfò ti 2022 náà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó o, ó sì ka àwọn ọmọ wa mọ́ wọn. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ọ́fíìsì adójútòfò ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù ní kí n padà sí ọ́fíìsì.

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọmọ tí dókítà bá ti jẹ́rìí pé kò lè dá gbé, ẹ jẹ́ kó máa bá káàdì òbí rẹ̀ lọ, iye ọdún yòówù kó jẹ́. Bí òbí bá fẹ̀yìn tì, tàbí tó kú, kí àpò 2022 gbà á lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún ń wá ìwé kiri. Ẹ sì bá wa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù: ibi tí a ó ti forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i, àti ẹni tí a ó béèrè.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn.