Ẹ Má Fi Ìwé Ìrìnnà Dá Ẹnikẹ́ni Lẹ́bi

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìkéde tó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà fi òfin dè. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026, ọ̀pọ̀ jù lọ wa kò lè gba físà tuntun fún ìbẹ̀wò, òwò tàbí ẹ̀kọ́ mọ́. Mo ń gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí tí àwọn kan ń sọ pé onílé ló ni ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wù ú ni kó ṣí i fún. N kò gbà. Onílé lè bi àlejò léèrè ohun tó bá wá. Kò tọ́ kó lé e nítorí pé ará àdúgbò rẹ̀ kan jalè.

Ẹ wo ìdí tí wọ́n fúnra wọn kọ sílẹ̀. Wọ́n ní 5.56% nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ fún ìbẹ̀wò tàbí òwò ló dúró kọjá ọjọ́ tí a fún wọn. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 11.90%. Nínú ọgọ́rùn-ún àlejò tó lọ fún ìbẹ̀wò tàbí òwò, nígbà náà, àwọn tó lé ní 94 pa òfin mọ́. Àwọn gan-an ni wọ́n ń fìyà jẹ báyìí. Wọ́n tún dárúkọ Boko Haram, àwọn tó ń pa àwa fúnra wa. Ìyá tó ń ta gààrí ní ọjà Òkè-Àjẹ, tó fẹ́ lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Houston, kí ló da òun àti Boko Haram pọ̀?

Ìjẹ̀bú mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíì lọ. Àwọn baba wa ti ọ̀nà mọ́ àjèjì, Gómìnà Carter ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rán àwọn ọmọ ogun tó ní ìbọn Maxim sí wọn láti Èkó. Ní Ìmàgbọn, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò kí ọ̀nà tó ṣí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló gbèrò ní ọdún 2013 láti máa gba £3,000 ìdógò lọ́wọ́ àwọn kan nínú àlejò tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, Ghana, India àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta mìíràn. Ariwo sọ, wọ́n sì jáwọ́ kí ọdún tó parí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ariwo kì í ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwa náà kò mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghana. Àwọn oníṣòwò Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ di àlejò nílé baba wọn. Ó dùn wá dọ́kàn. Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari fún àwọn ará Ghana àti àwọn aládùúgbò wa mìíràn ní irú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló lọ. Nígbà náà, kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí a fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS lórí ìrìnkèrindò. Ní ọdún 1985, a tún lé wọn.

Ìwà ìkà ni nígbà náà, ìwà ìkà náà ni èyí tí Amẹ́ríkà ń hù. Mo bẹ ẹ̀yin aṣòfin tí Ìjẹ̀bú rán lọ sí Àbújá: ẹ dìde nínú ilé ìgbìmọ̀, ẹ sọ ọ́ gbangba pé Nàìjíríà ṣẹ Ghana ní ọdún 1983, kí ẹ sì ṣòfin pé a kò ní lé ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ibi tí wọ́n bí i sí.