"Ẹ kọ́kọ́ ṣe díẹ̀ ká wò ó": Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp àti Facebook. "A ń wá ẹni tó lè kọ̀wé." "A ń wá ẹni tó máa ya lógò." "A ń wá ohùn Yorùbá tó dáa." Tí ẹ bá béèrè owó, ẹ ó gbọ́ pé, "Ẹ kọ́kọ́ ṣe díẹ̀ ká wò ó," tàbí "Kò sówó báyìí, àmọ́ àwọn èèyàn máa mọ̀ yín."

Ẹnìkan fi irú ẹ̀ lọ̀ mí láìpẹ́ yìí: àpilẹ̀kọ mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ 1,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,000 náírà lórí ẹyọ kan. Mo ṣírò ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni màá fi kọ ọ̀kan, a jẹ́ pé wákàtí 30 fún 10,000 náírà. Kò ju 333 náírà lọ fún wákàtí kan. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba ìyẹn, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ń gba nǹkan bíi 437 náírà fún wákàtí kan. Tèmi ò tó tiẹ̀, mi ò sì tíì yọ owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ kúrò o.

Ṣé òfin ò wá dí wọn lọ́wọ́ ni? Kò dí wọn. Òfin owó oṣù tó kéré jù ti ọdún 2019 yọ àwọn tó ń gba owó lórí iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀. Ó tún yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀. Àwa tá à ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wa ò sí lábẹ́ ẹ̀ rárá.

Àwọn kan ní káwọn kúkú máa bá òyìnbó ṣe. Ó dáa, àmọ́ ibẹ̀ náà ní tiẹ̀. Lórí Fiverr, iṣẹ́ dọ́là 5 wà, ilé iṣẹ́ náà á sì yọ ìdá 20 nínú 100. Dọ́là 4 ló kù fún yín. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, dọ́là 4 ti dà bí owó ńlá lójú wa, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbà á.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti "ìdánwò" yìí. Ẹni tó bá ní kí èèyàn mẹ́wàá kọ àpilẹ̀kọ ìdánwò kọ̀ọ̀kan ti ní àpilẹ̀kọ mẹ́wàá lọ́wọ́, kò sì san kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí Ṣómólú l'Ékòó, lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó 200 fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹ ó máa polongo wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín. Owó àsansílẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bébà tiwọn ṣeé fojú rí. Ọpọlọ àti àkókò tiwa ò ṣeé fojú rí, làwọn èèyàn bá rò pé a ò náwó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ní ẹ nílò iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi han èèyàn. Òótọ́ ni. Ẹ ṣe é fúnra yín, kó jẹ́ tiyín. Èyí tí oníṣòwò fẹ́ fi pawó, iṣẹ́ ni, kó sanwó ẹ̀.

Ohun méjì wà nínú òfin tá ò kì í sábà lò. Àkọ́kọ́ ni òfin kọ́píráìtì ti ọdún 2022. Iṣẹ́ tí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá yín ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é lẹ kọ́kọ́ ni ín, àyàfi tí àdéhùn orí ìwé bá sọ nǹkan míì. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń fi ìdánwò ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sí i pé kò gbọ́dọ̀ lò ó tí kò bá tíì sanwó. Ìkejì ni ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kékeré l'Ékòó, tó ti wà látọdún 2018. Gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì fojú sùn láti parí ẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó yín lọ́wọ́ ẹni tó jẹ yín ní gbèsè. Ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ̀rí ni.

Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòji. Ẹni tó lówó tó fi ń gbé ìpolówó sórí Facebook lówó tó lè san fún ẹni tó ya àwòrán inú ìpolówó náà. Ẹ gba ìdajì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní òun ò lè san án, ẹ jẹ́ kó máa lọ.